Ìbejì Ọ̀fun Àwẹ̀ró

Ẹni tó bá máa wúkọ́, kó wú u tán báyìí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́, kó ká a sábẹ́ ìdí. Ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ yìí kì í dúró de ẹni tó ń tòògbé.

Ọdẹ kan wà ní Ìdí-Ìyeyè, Ọdẹ́níran lorúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kò sí ẹranko tó kú nínú igbó láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹkùn máa ń yà fún òun lójú ọ̀nà. Ó ní erin kan rí òun lọ́jọ́ kan, ó dúró, ó ní, “Bàbá, ẹ kú ọdẹ o.” Kò sẹ́ni tó bá a dé ibẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè pè é ní òpùrọ́. Ohun tí gbogbo abúlé mọ̀ dájú ni pé òkété ló máa ń gbé wálé, òkété náà kì í sì í sanra.

Ọdẹ́níran bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Àwẹ̀ró. Ohùn ọmọ náà ni ọrọ̀ ilé wọn. Bó bá ń sun rárà níbi tó ti ń fọ abọ́, àwọn tó ń lọ sóko á sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n á ní àwọn ń sinmi. Nígbà tí Láwuyì, ọmọ abúlé kejì, wá fẹ́ ẹ, gbogbo ènìyàn ní, “Ẹ wá gbọ́ ẹkún ìyàwó lọ́jọ́ tọ́mọ yìí bá ń relé ọkọ!” Nítorí ní Ìdí-Ìyeyè, ìyàwó kì í dédé dìde nílé bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ pọnmi. Á sun ẹkún, á kí bàbá, á kí ìyá, á dúpẹ́ oúnjẹ, á dúpẹ́ ìyà pàápàá, kó tó gbé ẹsẹ̀.

Ọjọ́ tí àwọn àna wá mọ ilé, ìyá Àwẹ̀ró gúnyán, wọ́n jẹ ẹ́ yó. Àfi bí ọ̀kan nínú àwọn àna, ẹni tó ti gbé ìgboro rí, ṣe gbọ́wọ́ sókè. Ó ní, “Ẹ má tíì dìde o. Dìsáàtì ló kù.” Ó wá gbé nǹkan dídùn kan tó ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ jáde nínú abọ́. Èèyàn jẹ iyán yó tán, kò lè mí mọ́, ó tún ń retí nǹkan. Wọ́n ní ọ̀làjú nìyẹn.

Àwẹ̀ró lọ sílé ìwé díẹ̀. Kò fẹ́ kí ojú ti bàbá rẹ̀ níwájú àna. Ó fẹ́ sọ pé òun mọ Dìsáàtì, adùn tí Òyìnbó ń jẹ lẹ́yìn oúnjẹ. Ó tún fẹ́ fi lé e pé òun mọ Dẹ́sátì tó jọ ọ́, ilẹ̀ oníyanrìn tí nǹkan kan kì í hù níbẹ̀. Ó kó àwọn méjèèjì sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Òyìnbó tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú irin fò lókè, kò rí orúkọ méjì tó jìnnà síra fún oyin àti iyanrìn! Àwọn méjèèjì pàdé lójú ọ̀fun ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n há. Láti ọjọ́ náà, ohùn Àwẹ̀ró pa.

Ọdẹ́níran tan iná, ó ní kọ́mọ la ẹnu. Ohun tó rí mú kó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju iná sílẹ̀. Géńdé kéékèèké méjì ló dúró lọ́nà ọ̀fun, fìlà kan náà, imú kan náà, dàńṣíkí kan náà. Ìlà kọ́lọkọ̀lọ bí ejò, bíi lẹ́tà S àwọn Òyìnbó, ló wà lójú àwọn méjèèjì, àfi pé ọ̀kan kọ ejò kan, ìkejì kọ méjì. Wọ́n ń ti ara wọn ní èjìká.

“Èmi ni màá kọ́kọ́ jáde!”

“Ìwọ dà? Yẹ̀ fún mi!”

Ìyá Àwẹ̀ró ní, “Yéè! Ìbejì ni wọ́n!”

Ó tán. Ní Ìdí-Ìyeyè, bí méjì bá ti jọra, a kì í béèrè ìbéèrè míì. Wọ́n se ẹ̀wà, wọ́n ta epo sí i, wọ́n ge ìrèké, àwọn obìnrin jó yí ọmọ ká. Wọ́n rọ ẹ̀wà sọ́mọ lọ́fun kó lè kan àwọn ìbejì lára. Wọ́n wá sọ èyí tó wà níwájú ní Táyé, wọ́n sọ èyí tó wà lẹ́yìn ní Kẹ́hìndé. Ibẹ̀ gan-an ni iná ti ràn. Tẹ́lẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń jà sí. Wàyí o, ìjà àgbà ló kù. “Ta ni ẹ̀gbọ́n? Ta lo fẹ́ fi ṣe àbúrò?” Omi ẹ̀kọ pàápàá kò kọjá lọ́fun Àwẹ̀ró mọ́ àfi pẹ̀lú omijé.

Ìròyìn dé ilé ọkọ. Ìyá Àkàndé, àbúrò bàbá ọkọ, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ó ní, “Àna wa, inú kò bí wa o. A kàn ń rò ó ni. Ìyàwó tí kò lè sun ẹkún nílé bàbá rẹ̀, kí ló fi dágbére? Bí a bá pè é nílé wa, tí kò jẹ́ wa ńkọ́? Bí oṣù tuntun bá lé, a ó wá. Bí ẹkún bá wà, a ó gbé ìyàwó. Bí kò bá sí, ẹ bá wa gbé obì wa jáde, ká jọ ṣe é nírọ̀rùn.” Ó tún ki Àwẹ̀ró ní oríkì kó tó lọ. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń gún ọ lọ́bẹ, wọ́n á máa fẹ́ ẹ fún ọ kó má baà ta ọ́.

Àwẹ̀ró kò lè sọ̀rọ̀. Ó di ẹ̀wù bàbá rẹ̀ mú, kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

Arúgbó kan tó ti bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì ní, “Ìbejì kì í jà lójú ìyá wọn. Ẹ lọ wá ìyá tó bí wọn.” Níbo? “Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ Òyìnbó ti ń wá ni, lẹ́yìn Igbó Ahọ́n-Kò-Dé.”

Ọdẹ́níran ki ìbọn ṣakabùlà rẹ̀, ó gbé àpò kọ́ èjìká. Wọ́n bi í pé, “Bàbá, ṣé ẹ mọ ọ̀nà?” Ó ní, “Ọ̀nà ló máa mọ̀ mí.”

Ẹ má béèrè bó ṣe rìn. Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Ó bá àwọn iwin pàdé, iwin olórí méjì, iwin aláìlórí, iwin tó ń fi ìdí rìn. Ó ní gbogbo wọn ló kí òun. Ẹ jẹ́ ká gbà fún un, kí ọ̀rọ̀ lè tètè lọ.

Ẹnu ọ̀nà ìlú àwọn ọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Arúgbó obìnrin kan ló dúró síbẹ̀, ó ga bí àgbọn, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ̀, apá rẹ̀ kò níye, pàṣán sì wà lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Gírámà lorúkọ ìyá náà. Òun ló ń ṣọ́ bí gbogbo ọ̀rọ̀ ṣe ń tò.

Ọdẹ́níran dọ̀bálẹ̀. “Ẹ kú ilé o, Ìyá. Mo wá—”

Pàṣán! “Ìgbà wo lo wá? Ṣé o ti wá tán ni, àbí o ń wá lọ́wọ́, àbí o máa wá?”

“Ìyá, ẹ̀yin náà ẹ wò mí, mo ti—”

Pàṣán! “Ta ni ‘mo’? Ṣé ẹyọ kan ni, àbí ọ̀pọ̀?”

“Ẹyọ kan ni, Ìyá! Ṣé ẹ rí mi kí n pọ̀ ni?”

Bí ó bá ń sọ ibí yìí fáwọn tó ń mu ẹmu, á ní pàṣán náà kò kan òun. Á ní ẹ̀yìn ni òun fi ń gbà á kó má baà bọ́ sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni.

Nígbà tí apá rẹ Gírámà, ó gbé àlọ́ kalẹ̀. “Àjèjì kan wọ ilé yín, kò gbé ẹrù dání. Kò bá yín jẹun, kò bá yín sùn. Kó tó pẹ́, ẹ ti pa orúkọ rẹ̀ dà, ẹ kọ ìlà ilé yín sí i lójú, àwọn ọmọ yín sì ń pè é ní ará ilé. Ta ni? Bí o bá ṣì í, o di igi ọgbà mi.”

Ọdẹ́níran wo ọgbà. Àwọn igi ibẹ̀ ní ojú, ojú náà ń ṣẹ́. Ó ronú kan ilé rẹ̀, ó ronú kan ìyàwó rẹ̀ tó ń pariwo láràárọ̀ pé kí wọ́n gbé kọ́ọ̀bù kúrò lórí tábìlì kí búrẹ́dì má baà rin. Ó fọwọ́ gbá itan.

“Àwọn ọmọ yín ni, Ìyá. Kọ́ọ̀bù, tábìlì, búrẹ́dì. Wọ́n ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé bí ẹ bá ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé, wọn ò ní mọ̀nà.”

Gírámà rẹ́rìn-ín, ó yẹ ẹ̀rín náà wò bóyá ó tọ́, ó wá ní, “Kọjá.”

Ìlú tó tẹ̀ lé e ń dán bí inú ìkarahun. Arẹwà kan jókòó lórí àga dígí, Gílámọ̀ lorúkọ rẹ̀, àwọn ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ sì ń fún gbogbo àlejò ní dígí kọ̀ọ̀kan. Ọdẹ́níran gba tirẹ̀, ó wò ó. Ẹ gbà mí! Ọ̀dọ́kùnrin ló rí níbẹ̀. Eyín iwájú tó ti lọ láti ìjelòó ti padà dé. Ìbọn ṣakabùlà di wúrà. Ẹkùn mẹ́ta dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nínú dígí. Ó ní, “Hẹ̀n-ẹ́n! Mo ti ń sọ fún wọn!”

Ó dúró, ó ń wo ara rẹ̀. Kò rí i pé àwọn tó dúró lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀ ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ìtàkùn ti gun orúnkún wọn, aláǹtakùn ti ta òwú sí wọn létí, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí dígí. Ìtàkùn kan rọra fà wá, ó mú Ọdẹ́níran lọ́rùn ẹsẹ̀. Bí ó ti ń mú ẹsẹ̀ ló ń mú orí. Ohun tó bá wá ń yọ́ lọ. Ó rántí pé òun ní ọmọ kan. Orúkọ ọmọ náà ńkọ́? À... Àwẹ̀... Ó wo eyín rẹ̀ nínú dígí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àfi bí ìránṣẹ́bìnrin kan ṣe gbé dígí kan wọ́. Gílámọ̀ na ìka sí i. “Kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀! Tún un tò! Ìgbà wo lo máa mọ bó ṣe yẹ kó rí?”

Ẹ̀yìn Ọdẹ́níran dá ohùn náà mọ̀ kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Gbogbo ojú pàṣán ló ta á lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbórí sókè.

“Arẹwà, ẹ̀gbọ́n yín ń kí yín o.”

“Ẹ̀gbọ́n wo?”

“Ìyá onípàṣán tó wà lẹ́nu ọ̀nà.”

Àtíkè já bọ́ lójú Gílámọ̀. “Ta ló sọ fún ọ? Báwo ni mo ṣe jọ ọ́? Wo awọ mi! Wo ọrùn mi!”

“Ẹ ò jọra rárá. Bí ẹ ṣe ń báni wí ló jọra.”

Omijé dà. Arẹwà ní òótọ́ ni. Ní ayé àtijọ́, àwọn tí kò mọ̀wé rí àwọn tó gbé ìwé dání tí wọ́n ń wí wúyẹ́wúyẹ́, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n ní oògùn ni. Wọ́n sọ oògùn náà ní Gírámà. Àwọn ará apá òkè ilẹ̀ Òyìnbó kan wá lọ́ orúkọ náà lẹ́nu, ó di Gílámọ̀, oògùn tí í mú kí ojú rí ohun tí kò sí. Bí òun ṣe jáde lára ẹ̀gbọ́n òun nìyẹn. “Jọ̀ọ́, Bàbá ọdẹ, má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Ọdẹ́níran ṣèlérí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo Ìdí-Ìyeyè fi mọ̀ ọ́n.

Dígí ṣú, ìtàkùn tú, orúkọ Àwẹ̀ró padà sórí bàbá rẹ̀, eyín iwájú sì tún lọ. Ó sáré kúrò níbẹ̀. Òun ní òun kò sáré, pé ẹsẹ̀ òun ló sáré, òun kàn tẹ̀ lé e kó má baà sọnù.

Ó dé ilé kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ọkùnrin kan ń hun apẹ̀rẹ̀, obìnrin kan ń gún nǹkan lódó. Ìlà ojú wọn bára mu, bí ẹni pé ọwọ́ oníkọlà kan ló kọ wọ́n.

“Ẹ kú ilé o, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò!”

Obìnrin náà fi ọmọ odó sílẹ̀. “Ta ni ẹ̀gbọ́n, ta ni àbúrò? Ọkọ mi nìyí o! Ẹ má sọ wá di ẹni tó ń ṣe èèwọ̀ lówùúrọ̀ yìí!”

“Ẹ má bínú, Ìyá. Ìlà yín ló jọra.”

“Ìlà! Ìlà ni kẹ́ ẹ máa wò.” Ó yíjú sí ọkọ. “Méèlì, o gbọ́ ohun tó wí?”

“Mo gbọ́,” ni ọkọ wí. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ jù nìyẹn.

Obìnrin náà ní, “Èmi kì í ṣe ará ilé wọn. Ilẹ̀ Róòmù ni wọ́n ti bí mi. Fẹmẹ́là ni ìyá mi ń pè mí, èyíinì ni obìnrin kékeré. Ilé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti bí ọkọ mi tí Òyìnbó ń pe ọkùnrin ní orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n rí wa pọ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ní kò yẹ kí ìlà wa yàtọ̀. Wọ́n bá tún ojú mi kọ kó lè bá tirẹ̀ mu. Mo di Fíméèlì. Látìgbà náà, gbogbo ẹni tó ní ojú méjì lórí ló ń sọ pé ara ọkọ mi ni wọ́n ti gé mi.”

“Mo ń sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀,” ni ọkọ wí.

“Ìgbà wo lo sọ fún wọn?”

“Mo gbọ́,” ni ọkọ wí.

Obìnrin náà wá béèrè ohun tí Ọdẹ́níran ń wá. Ó ní ìyá ìbejì ni, ìyá tó bí Dìsáàtì àti Dẹ́sátì. Tọkọtaya wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí apẹ̀rẹ̀ fi tú lọ́wọ́ ọkọ.

“Ìbejì! Àwọn tí ìyá wọn kò tíì rí ara wọn sójú rí! Bàbá, ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ojú lẹ wò, ẹ ò wo ilé.”

“Ṣùgbọ́n a ti se ẹ̀wà fún wọn.”

“Ẹ kà á sí oúnjẹ alẹ́.” Ó nawọ́ sí oríta. “Ọ̀tún ni ilé ìyá Dìsáàtì. Òsì ni ilé ìyá Dẹ́sátì. Ẹ lọ gba oríkì wọn wá, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ń jà, bí ẹ bá fi oríkì ilé onílé pẹ̀tù sí i nínú, ẹ kàn ń bu epo síná ni.”

Ọdẹ́níran yà sọ́tùn-ún. Ilé ńlá kan ló bá, tábìlì gùn láti ìloro dé ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n gbé oúnjẹ fún un. Ebi ń pa á bí ẹni máa kú. Bí ó ti mú òkèlè dé ètè, ọmọbìnrin kan gbé abọ́ lọ. Wọ́n gbé òmíràn wá. Bó ti bu ú, wọ́n gbé e lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó di iṣu mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní òun, ọdẹ tí ẹkùn ń yà fún, ẹ wo ẹni tó máa gba iṣu lọ́wọ́ òun. Wọ́n gba iṣu, wọ́n nu ìka rẹ̀ mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, tó káwọ́ lé itan, tí tábìlì mọ́ fo, ìyá onílé jáde pẹ̀lú àwo oyin. Ìyá Apalẹ̀mọ́ ni wọ́n ń pè é.

“O ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́n,” ló wí. “Ọ̀dọ̀ tiwa, iṣẹ́ ìdílé ni kíkó abọ́ kúrò nílẹ̀. Ìgbà tí a bá kó o tán ni ọmọ mi Dìsáàtì ń dé. Wọ́n ń rò pé adùn ló bí i. Irọ́ ni. Abọ́ tí a kó kúrò ló bí i.” Ó wá kọ́ Ọdẹ́níran ní oríkì ọmọ rẹ̀.

Ọ̀nà òsì kò ní ariwo. Ìlú tó gbé e dé tóbi ju gbogbo ìlú tó ti rí lọ, kò sì sí ẹnì kan níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ààrò tutù. Odó dojú bolẹ̀. Iyanrìn ti ń gun ojú fèrèsé. Obìnrin kan ṣoṣo ló jókòó lójúde ààfin, ó gbé ojú sọ́nà.

“Ṣé wọ́n rán ọ sí mi?”

“Rárá, Ìyá. Èmi ni mo wá fúnra mi. Ọ̀rọ̀ Dẹ́sátì ọmọ yín ni.”

“Kí ni wọ́n ń sọ pé ó jẹ́ níbi tó wà?”

“Wọ́n ní ilẹ̀ oníyanrìn ni.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. “Iyanrìn! Iyanrìn dé lẹ́yìn. Èèyàn ló kọ́kọ́ lọ. Ìyá Ìpatì lorúkọ mi. Ibi tí wọ́n fi sílẹ̀, tí wọn kò padà sí, ibẹ̀ ni mo bí i sí. Bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀ níbẹ̀, bí koríko tilẹ̀ wà, bí wọ́n bá ti fi í sílẹ̀, ọmọ mi ni.”

Bí Ọdẹ́níran bá ń ròyìn, ibí yìí kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Kì í ní ẹkùn kankan nínú. Ó kàn máa ń ní ìyá náà kọ́ òun ní oríkì ọmọ rẹ̀, òun sì dúró díẹ̀ kó tó di pé òun kúrò, nítorí kò dára kí òun náà dìde kíá.

Ó dé Ìdí-Ìyeyè lọ́jọ́ tí oṣù tuntun lé. Àwọn àna ti kún àgbàlá. Ìyá Àkàndé ti tẹ́ aṣọ tí wọ́n máa fi di obì sórí itan, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọdẹ́níran kò jókòó. Ó ní kí Àwẹ̀ró la ẹnu, ó kọ́kọ́ ki ọ̀kan:

“Dìsáàtì, pẹ̀lẹ́ o, ọmọ Apalẹ̀mọ́,
Ọmọ a-kó-abọ́-kúrò kí adùn tó dé,
Kì í bá iyán jà, kì í bá ọbẹ̀ dupò,
Ìgbà tí gbogbo wọn bá lọ tán ló ń yọjú.”

Ó ki ìkejì:

“Dẹ́sátì, pẹ̀lẹ́ o, ọmọ Ìpatì,
Ọmọ ilẹ̀kùn tó ṣí tí kò sẹ́ni tó wọlé,
Iyanrìn kọ́ ló bí ọ,
Àlejò ni iyanrìn, ó bá ọ nílé ni.”

Ìjà dáwọ́ dúró. Àwọn méjèèjì wo ara wọn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé lọ́jà.

“Ṣé o kì í ṣe ọmọ ìyá mi?”

“Èmi? Mi ò mọ ọ́ rí!”

Gbogbo ilé hó yèè. Wọn ò mọ̀ pé wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Nítorí ìdílé ti yé àwọn méjèèjì, ìtìjú sì mú wọn.

“Ẹ máa kọ́kọ́ jáde, alàgbà. Ilé wa kì í ṣíwájú.”

“Rárá o, ẹ̀yin lẹ máa ṣíwájú. Ìgbà tí gbogbo ayé bá lọ tán làwa ń dá wà.”

“Mo bẹ̀ yín.”

“Èmi gan-an ni mo bẹ̀ yín.”

Ẹ wò ó bí! Àwọn tó ń jà pé àwọn á kọ́kọ́ jáde, wọ́n wá ń jà pé àwọn ò ní kọ́kọ́ jáde. Ọ̀fun Àwẹ̀ró ṣì dí pa. Ìyá Àkàndé ká aṣọ obì. Ó ní, “Àna wa, a ti rí i pé ẹ gbìyànjú.”

Ọdẹ́níran wo ọmọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Abọ́ iyán tí wọ́n fi ṣe àwọn àna lálejò ṣì wà nílẹ̀. Ó pariwo, “Ẹ kó abọ́! Ẹ kó gbogbo rẹ̀!” Òun fúnra rẹ̀ ló já àwo gbà lọ́wọ́ Ìyá Àkàndé, ẹran ṣì ń bẹ nínú rẹ̀.

“Ẹ̀ẹ́tirí? Mi ò tíì jẹun tán!”

“Ẹ má bínú, àna mi. Ìdílé ẹnì kan ló ń ṣiṣẹ́.”

Wọ́n kó abọ́, wọ́n gbálẹ̀. Bí ilẹ̀ ti mọ́ báyìí, Dìsáàtì kò lè dúró mọ́, àsìkò ilé ìyá rẹ̀ tó. Ó fò jáde lẹ́nu Àwẹ̀ró, ó balẹ̀, ó tẹríba fáwọn àna, ó lọ. Afẹ́fẹ́ ráyè kọjá. Àwẹ̀ró fà á símú, ó la ẹnu, ohùn dé.

Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹkún ìyàwó.

Ó ki bàbá, ó ki òkété bàbá tí kì í sanra tí ó sì fi tọ́ òun dàgbà. Ó ki ìyá àti ọwọ́ ìyá. Ó ki ẹní tí òun sùn lé, ó ki ògiri tí òun fara tì. Ìyá Àkàndé tó wá gbé obì bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ obì nu ojú. Nígbà tó kan ìlà tó kẹ́yìn, Àwẹ̀ró ní, “Bàbá, mo fi ilé sílẹ̀ o.” Lórí ọ̀rọ̀ yẹn ni Dẹ́sátì yọ́ jáde, wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó rí i nítorí omijé kún ojú gbogbo wọn.

Wọ́n gbé ìyàwó lọ. Orin wọn ń jìnnà títí kò fi sí mọ́. Ìyá Àwẹ̀ró tẹ̀ lé wọn dé odò.

Nígbà tí Ọdẹ́níran wọ inú ilé, géńdé kékeré kan ló bá tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá Àwẹ̀ró. Kò ti ẹnikẹ́ni ní èjìká mọ́. Ó bọ́ fìlà.

“Bàbá, ẹ má lé mi. Ibi tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ ni wọ́n ń bí wa sí. Mo ti délé ni.”

Ọdẹ́níran, ọdẹ tí erin ń kí, wo yàrá náà, ó wo ẹní tí ọmọ ti ká. Ìbọn ń bẹ léjìká rẹ̀, kò yìn ín. Ó jókòó tì í, ó sún díẹ̀ kí àyè lè gba àwọn méjèèjì. Aládùúgbò kan yọjú, ó bi í pé kí ló mú ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní èéfín ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọn kò dáná nílé náà lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ibi tí mo bá a dé rèé. Ẹ na ẹsẹ̀ tán, kẹ́ ẹ dìde. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ jáde, kó má ṣe ti ẹni kejì.